Òǹtẹ̀ Ìyá Kò-Tíì-Tó

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin náà fi kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé-ìwé kan ṣoṣo, nínú kíláàsì kan ṣoṣo, lórí àga kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tó jẹ́ pé bébà kíká ni wọ́n fi ń tì í lábẹ́. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ọmọ tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun gba ìyìn lẹ́nu rẹ̀ rí. Tí ọmọ bá gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, á ní, "Kò tíì tó." Tó bá gba mẹ́sàn-án, á ní, "Ó ku ọ̀kan." Tó bá wá gba mẹ́wàá pé pérépéré, á yẹ ìwé náà wò síwá sẹ́yìn bíi pé ó ń wá olè tó sá pamọ́ síbẹ̀, á wá ní, "Ìkọ̀wé ẹ ò dára." Bí àwọn ọmọ ṣe sọ ọ́ ní Ìyá Kò-Tíì-Tó nìyẹn. Ó mọ̀ pé wọ́n ń pe òun bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ rò ó pé orúkọ náà gan-an kò tíì tó.

Ìyìn wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé ó lọ gé òǹtẹ̀ fún un. Ọdún kẹta tó dé ilé-ìwé yẹn ló lọ bá ọkùnrin kan tó ń gé òǹtẹ̀, tó ní kó bá òun gé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún péré sórí rọ́bà: GOOD, BUT CAN DO BETTER. Ó dára, ṣùgbọ́n ó lè ṣe jù báyìí lọ. Láti ìgbà náà, tí ìdánwò bá ti parí, á to káàdì èsì àwọn ọmọ jọ síwájú ara rẹ̀, á tẹ òǹtẹ̀ sínú yíǹkì, ó di gbà! gbà! gbà! Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, gbogbo kíláàsì ti di ẹni tó dára ṣùgbọ́n tó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, àtọlọ́pọlọ àtolódo. Lẹ́tà D tó parí GOOD ti já létí kan láti ọdún kìíní, kò sì pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní kí ni wọ́n fẹ́ fi lẹ́tà ṣe, ṣé wọ́n á jẹ ẹ́ ni?

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí pàápàá, òǹtẹ̀ yẹn ló gbà. Ọdún tí ọmọ náà wà ní kíláàsì rẹ̀, sáà mẹ́ta ló fi ṣe ipò kìíní tẹ̀ léra wọn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ló sì gba GOOD, BUT CAN DO BETTER. Ìyá ní òun ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé òun ń ṣe ojúsàájú. Ẹ kú òdodo o, mà! Tí wọ́n bá ń pín adé òdodo lọ́run, kí wọ́n yáa fún yín ní méjì.

Ọmọ yẹn ti di nọ́ọ̀sì báyìí, òun náà sì ti bí ọmọbìnrin kan. Nítorí pé iṣẹ́ òru ni nọ́ọ̀sì ń ṣe, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni ọmọ náà ń gbé láti ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó ti pé mẹ́sàn-án, ó sì ti bọ́ sí kíláàsì ìyá rẹ̀ àgbà. Màmá Kékeré ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń káwọ́ sẹ́yìn rìn bí ẹni tó ń wá ilé rà. Nílé, "Màmá" ló ń pe ìyá àgbà. Níléèwé, "mà" ni, bíi ti gbogbo ọmọ yòókù. Òfin ilé ni, kò sì ṣì í pè rí.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n gba ìsinmi, nọ́ọ̀sì wá sílé ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday. Kò sọ báàgì kalẹ̀ léjìká. Ìyá rẹ̀ rí i, ó sì mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

"Màmá, wọ́n ti gbé mi kúrò níṣẹ́ òru. Mo ti gba yàrá méjì. Mo fẹ́ máa mú ọmọ mi lọ."

"Kí ló ṣe ọmọ lọ́dọ̀ mi? Ṣé ebi ń pa á ni?"

"Ebi ò pa á. Aṣọ rẹ̀ mọ́, eyín rẹ̀ mọ́, ẹ ṣeun gan-an." Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀yìn, ó rí i pé ọmọ náà wà lójúde níbi tó ti ń sá bàtà ìyá àgbà sóòrùn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi í lórí fóònù pé kí ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, 'Kò tíì sí.' Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án o!"

"Ọmọ tó nírẹ̀lẹ̀ nìyẹn."

"Ìrẹ̀lẹ̀ kọ́ lorúkọ ẹ̀. Mo mọ orúkọ ẹ̀ dáadáa, ilé yìí lèmi náà ti dàgbà. Màmá, mo máa wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín káàdì. Màá ka ohun tí tíṣà bá sọ nípa ọmọ mi. Tó bá jẹ́ òǹtẹ̀ yẹn ni mo bá níbẹ̀, mo ti kó ẹrù ọmọ mi lọ nìyẹn, ẹ ò sì ní rí i àfi nígbà ìsinmi. Mi ò bá yín jà o. Mo kàn ń sọ fún yín ni."

"Ṣé wàá mu omi?" ni ìyá dá a lóhùn.

Ẹ̀rù bà á, ẹ má tan ara yín. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó síwájú oúnjẹ rẹ̀, ó wo bàtà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ro bí ilé náà ṣe máa rí tó bá ku bàtà kan. Kò jẹun tán. Ṣùgbọ́n ṣé ó wá pe ọmọ náà, kó ní, "Ọmọ mi, o ṣeun"? Rárá o. Ó ní kó lọ tún orúkọ ọjọ́ kọ, pé Wednesday rẹ̀ ò dúró dáadáa.

Bí ẹni pé ayé fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ọjọ́ kejì gan-an ni Ọ̀gá ilé-ìwé pe gbogbo tíṣà sí ìpàdé. Ọ̀gá yìí kò tíì pé ọdún kan lórí oyè. Ó lọ síbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan, ó sì gbé báàgì tuntun, ìwé ẹ̀rí tuntun àti ohùn tuntun bọ̀. Ó ti ní kí wọ́n fi aṣọ gbọọrọ kan kọ́ sẹ́nu géètì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé EVERY CHILD IS THE BEST. Gbogbo ọmọ ló dára jù lọ.

"Láti sáà yìí lọ," ni Ọ̀gá wí, "kò sí good mọ́, kò sì sí better mọ́. Superlative nìkan! Gbogbo káàdì gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ méjì nínú kíláàsì kan kò sì gbọdọ̀ ní irú ọ̀rọ̀ kan náà, nítorí àwọn òbí máa ń fi káàdì wé ara wọn. Akọ̀wé máa tẹ̀ ẹ́, á fi ọ̀rá lẹ̀ ẹ́ pa, ó parí."

Ìyá Kò-Tíì-Tó nawọ́ sókè. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ló dára jù lọ, àwọn wo gan-an ni wọ́n dára jù?"

Tíṣà ìṣirò fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Àwọn yòókù ń wo bàtà ara wọn. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tí wọ́n kọ́ ọ níbi ìdálẹ́kọ̀ọ́.

"Mà, ìrònú àtijọ́ nìyẹn."

"Kò burú. Nínú àtijọ́ náà ni mo ti kọ́ yín."

Òótọ́ ni o. Ọ̀gá náà ti jókòó sí kíláàsì yẹn rí, lórí bẹ́ǹṣì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, òun náà sì gba òǹtẹ̀ tirẹ̀. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀. Ó ní ọjọ́ Thursday ni ọ̀rọ̀ gbogbo gbọ́dọ̀ wọlé, pé Saturday ni àwọn òbí ń bọ̀.

Ẹ̀kọ́ tó kàn nínú ìwé lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ ò ní gbà á gbọ́, superlative náà ni. Ìyá Kò-Tíì-Tó mú ẹfun, ó kọ̀wé sójú pátákó, ó sì ń ṣàlàyé bó ṣe ń ṣàlàyé láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ kúkúrú, ẹ fi est sí i nídìí: tall, taller, tallest, ó ga, ó ga jù ú, ó ga jù lọ. Èyí tó bá parí sí y, kí y kó káńgárá rẹ̀, kó sì fàyè sílẹ̀ fún i: happy, happier, happiest. Big ní tirẹ̀, ó ti yó, ó gbọ́dọ̀ ní g méjì: bigger, biggest. Ọ̀rọ̀ gígùn ńkọ́? Ọ̀rọ̀ gígùn ti rẹ̀ ẹ́, kò lè gbé ẹrù mọ́ ìdí, ẹ bá a gbé most síwájú: most beautiful, most careful. Àwọn olórí kunkun kan sì wà tí kì í gbọ́ òfin kankan: good, better, best, bad, worse, worst.

"Good, better, best!" ni gbogbo kíláàsì ń pariwo. "Bad, worse, worst!"

Màmá Kékeré nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ṣé èèyàn ò lè dúró síbi àkọ́kọ́ ni?"

"Ibi àkọ́kọ́ wo?"

"Good, mà. Ṣé èèyàn ò lè jẹ́ good, kó sì máa ṣeré ẹ̀ lọ?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà rẹ̀ fi ẹfun kan pátákó kó! "Ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn kì í kọ́lé síbẹ̀. Jókòó."

Ọmọ náà jókòó. Ọ̀rọ̀ tán.

Ọjọ́ Thursday, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ, tíṣà wa pa dà sí kíláàsì tó ṣófo, ó jókòó sórí àga rẹ̀. Ọmọ mẹ́tàlélógójì ló wà nínú rẹ́jísítà. Ìyìn mẹ́tàlélógójì, lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì yin èèyàn kan rí! Kò mọ ibi tó máa gbé e gbà, ó bá ṣí ojú ewé ọ̀kànlélọ́gọ́ta nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n to gbogbo superlative sí láti òkè délẹ̀ bí ìdíje ìsáré. Ó fi rẹ́jísítà sápá òsì, ó fi ìwé sápá ọ̀tún, ó ń so wọ́n pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń de bọ́tìnnì.

Ọmọ nọ́ńbà kìíní di the bravest, akínkanjú jù lọ. Ọmọ yìí kan náà ni aláǹgbá yọjú sí níbi wíńdò lọ́jọ́ Tuesday, tí ọmọ náà fi sá gun orí tábìlì. Nọ́ńbà kẹsàn-án di the kindest, aláàánú jù lọ. Ẹ má bínú, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn mẹ́rin tí àpá eyín rẹ̀ ṣì wà lápá wọn. Ọmọ mẹkáníìkì di the neatest, ẹni tó mọ́ tónítóní jù lọ, pẹ̀lú àtàǹpàkò òróró lójú gbogbo ìwé rẹ̀. The most careful, ẹni tó máa ń ṣọ́ra jù lọ, bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tó tẹ awò ojú tíṣà fọ́ ní sáà tó kọjá. The most punctual, ẹni tó ń tètè dé jù lọ, ni ti ọmọ kan tí kò tíì mọ bí orin àárọ̀ ilé-ìwé ṣe ń bẹ̀rẹ̀ títí dòní. Kìkì the quietest ló ṣe déédéé ẹni tó ni ín, nítorí oorun ni ọmọ yẹn máa ń sùn.

Tó bá ti kọ mẹ́wàá, akọ̀wé á wọlé wá gbà á lọ sídìí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ń yá. Ìyá Kò-Tíì-Tó tiẹ̀ ń gbádùn ara rẹ̀, irọ́ tí èèyàn bá pa pẹ̀lú àṣẹ ọ̀gá kì í wúwo.

Nígbà tó dé nọ́ńbà méjìdínlógójì, tí í ṣe Màmá Kékeré, ó fò ó. Ó ní òun ò ní mú tilé òun ṣáájú tàwọn ọmọ ọlọ́mọ, ojúsàájú nìyẹn. Àti pé ọ̀rọ̀ tòótọ́ ló fẹ́ fún un, kì í ṣe ti ojú ewé. Ó ní tóun bá parí, òun á fara balẹ̀ wá a.

Ó parí lóòótọ́. Ó wo ojú ewé náà. Èyí tó kù níbẹ̀ ni the fattest, the saddest, the thinnest àti the worst. Sísanra, ìbànújẹ́, gbígbẹ àti bíburú. Ẹ wo ọgbọ́n àgbọ́njù! Ó ti kó gbogbo ìyìn ayé fún ọmọ ọlọ́mọ, ó wá ku egungun fún tirẹ̀. Ó sáré lọ bá akọ̀wé.

"Jọ̀ọ́, bá mi fa kindest jáde. Mo fẹ́ gbé e fún ẹlòmíì."

Akọ̀wé na káàdì sí i. Ó ń dán yanran. "Ọ̀rá ti lẹ̀ ẹ́, mà. Gbogbo méjèèjìlélógójì ló ti wọ ọ̀rá. Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ yín."

Ó pa dà sórí àga. Ó mú bírò pupa, ó gbé e síwájú káàdì òfìfo. Kò rí nǹkan kọ. Ó mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó pọ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ, kò rí ẹyọ kan. Kò kúkú yin ọmọ yìí rí, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀? Ìdérí bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí wọ abẹ́ àga. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un.

Bébà kíká tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àga kò dọ̀tí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó pé ọjọ́ pẹ́ tí àga náà ti mì gbẹ̀yìn. Ta ló ń pààrọ̀ bébà náà? Kò béèrè rí. Ó fà á yọ, ó tú u. Ojú ewé ìwé ìṣirò ni, ìwé Màmá Kékeré. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ló wà lókè rẹ̀. Ìyá Kò-Tíì-Tó fúnra rẹ̀ ló sì bá tíṣà ìṣirò máàkì rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, nítorí bírò pupa tirẹ̀ ló kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ìkọ̀wé ẹ ò dára."

Ó tún wo abẹ́ àga. Òmíràn wà ní ìsàlẹ̀ ìyẹn, tí wọ́n ká pẹ́kípẹ́kí. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ọmọ náà ti wo máàkì rẹ̀, kò rí ohun tí wọ́n ń fi í ṣe nílé wọn, ó wá fi ti àga ìyá rẹ̀ àgbà kó má baà ṣubú.

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, láàárín àga àti pátákó. Ó sunkún. Kò sẹ́ni níbẹ̀, kò sì sídìí fún un láti ṣe bíi pé ikọ́ ni. Ọmọ tó ń sá bàtà fún un ní gbogbo ọjọ́ Sunday, ọmọ tó ń ti àga fún un láìsọ, òun ló ku ìbànújẹ́ àti bíburú fún nínú ìwé.

Nígbà tó dìde, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú òǹtẹ̀ àtijọ́ jáde. Ó mú bíléèdì tí àwọn ọmọ fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù. Rọ́bà ọdún mẹ́tàlélógún le bí èékánná, ó ya á lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó gé e títí BUT CAN DO BETTER fi já bọ́ sílẹ̀. Ó tẹ èyí tó kù sínú yíǹkì. Gbà! Ẹ̀ẹ̀kan péré. GOOD. Ó fi bírò pupa ti àmì òpin sídìí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

"Mà," ni akọ̀wé wí nígbà tó rí i, "ṣé Ọ̀gá ò ní..."

"Mo gbọ́ ohun tí Ọ̀gá ní. Fi ọ̀rá lẹ̀ ẹ́."

Ọjọ́ Saturday, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọ̀gá dúró níwájú pẹ̀lú máíkì, torí ó ti pinnu pé kì í ṣe pé òun máa pín káàdì nìkan, òun máa kà á sétí gbogbo ayé. "The bravest!" Àtẹ́wọ́. "The kindest!" Ìyá ọmọ eléyín bú sẹ́kún ayọ̀, ó ní òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé àwọn èèyàn ni kò mọ ọmọ òun. Aláàánú jù lọ gba káàdì, ó pa dà sáàyè rẹ̀, ó bá ọmọ mìíràn lórí àga, ó sì bù ú jẹ lápá.

Kò pẹ́ tí àwọn òbí fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí káàdì ara wọn. Mẹkáníìkì dìde. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí ọmọ tibí yìí fi jẹ́ cleverest, ọlọ́gbọ́n jù lọ, tí temi wá jẹ́ neatest? Ṣé ìmọ́tótó ni wọ́n fi ń ṣe dókítà ni?" Obìnrin kan ní kó lọ dúpẹ́, pé most punctual ni wọ́n fún tòun, bẹ́ẹ̀ òun gan-an mọ aago tí ọmọ òun ń jí. Òógùn bo Ọ̀gá. Gbogbo ọmọ ló dára jù lọ, gbogbo òbí ló sì ń bínú jù lọ.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni nọ́ọ̀sì dúró sí nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Báàgì ẹrù ńlá kan wà lábẹ́ apá rẹ̀, òfìfo ni. Ìyá rẹ̀ rí báàgì náà láti iwájú.

Ọ̀gá mú káàdì nọ́ńbà méjìdínlógójì. Ó yanu láti kà á. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó rí D tó já létí. Ojú rẹ̀ wá lọ sápá ọ̀tún, ó ń wá ìyókù, bí gbogbo ọmọ tó bá ti jókòó sí kíláàsì yẹn rí ṣe máa wá a. Kò rí i. Ó wo tíṣà rẹ̀ àtijọ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn tuntun yẹn ti lọ.

"Good," ló wí.

"Good kí ni?" ni mẹkáníìkì béèrè. "Ó tán síbẹ̀ ni?"

Ìyá Kò-Tíì-Tó dìde. "Good. Ó tán síbẹ̀. Ọmọ náà dára."

Màmá Kékeré káwọ́ sẹ́yìn, ó rìn lọ síwájú, ó gba káàdì rẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó wá yíjú sí tíṣà rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, ó sì ṣì í pè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Màmá," ló wí, "ṣé mo lè kọ́lé síbẹ̀?"

"Kọ́ ọ," ni ìyá àgbà wí.

Nígbà tí èrò ń tú ká, nọ́ọ̀sì wá bá wọn nínú kíláàsì. Ó gba káàdì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó tún yí iwájú rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ó mú káàdì àtijọ́ kan jáde láti inú àpamọ́wọ́, tó ti ya níbi tí wọ́n ti ń ká a. Ó ti mú un wá láti fi bá ìyá rẹ̀ jà. Ó tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì. D kan náà ni, ó já létí kan náà.

"Màmá, ibi tó kù dà?"

"Mo gé e."

"Ẹ gé kí ni?"

"Òǹtẹ̀ náà. Bíléèdì ni mo fi gé e." Ó fi ìka tó ti fi aṣọ dì hàn án. "Rọ́bà ẹ̀ kúkú ti gbó."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. "Ọdún méjìlélógún ni mo fi ń gbé tèmi kiri, Màmá. Mo ṣe ipò kìíní. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò sọ ọ́ rí."

"Mi ò sọ ọ́. Mo máa ń sọ ọ́ fáwọn ará àdúgbò, tí mi ò ní jẹ́ kó o gbọ́. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́ fún ẹ, wàá dúró." Ó na ọwọ́. "Mú un wá."

Ó tẹ́ káàdì àtijọ́ náà sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ wíńdò. Ó mú rúlà, ó mú bírò pupa, ó sì fa ìlà gba àárín BUT CAN DO BETTER kọjá láti òpin dé òpin. Ó ti àmì òpin sídìí GOOD. Ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì ọjọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Má sunkún lé e lórí," ló wí, "yíǹkì á ràn."

Nọ́ọ̀sì ká báàgì òfìfo rẹ̀ pọ̀, ó tì í sábẹ́ àga ìyá rẹ̀. Ó ní òun á mú ọmọ náà lọ lo ọ̀sẹ̀ kan nínú ìsinmi, pé kí ìyá náà tẹ̀ lé wọn, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lò ó, pé tí ilé-ìwé bá wọlé, kí kálukú pa dà síbi tó ń gbé.

Màmá Kékeré ti tẹ orí ba káàdì ìyá rẹ̀, ó ń yẹ iṣẹ́ tíṣà wò.

"Màmá," ló wí, "ìlà yẹn wọ́. Ẹ sì lo rúlà."

Ìyá àgbà gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó wo ìlà náà. Ó wọ́ lóòótọ́, rúlà ti yẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Mo rí i," ló wí. "Ó tó bẹ́ẹ̀."